Àwọn ará Mbale àti omi inú orí ọmọdé: a yẹ iṣẹ́ wọn wò, a sì sọ ibi tí a ti yọ máàkì

Bí ẹnì kan bá ní ká mú ẹgbẹ́ olùwádìí kan ṣoṣo tó ń rí sí omi inú orí ọmọdé nílẹ̀ Áfíríkà, èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún, àwọn tó wà ní CURE Children's Hospital of Uganda nílùú Mbale la máa mú. Iṣẹ́ abẹ wọn ń bà jẹ́ bíi ti ẹlòmíì. Àmọ́ èyí tó bà jẹ́, wọ́n ń kà á, wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ síta kí tọ̀rẹ́ tọ̀tá rí i. Torí èyí la ṣe jókòó ti iṣẹ́ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò: ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an, ibo ló ti dùn, ibo ló ti kù.

Ká kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Hydrocephalus ni àwọn dókítà ń pè é. Omi orí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wí, àwọn míì á ní orí wíwú. Ihò mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ oníkálukú tí omi ń sun sí. Ti àgbàlagbà tó nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́. Omi náà á ti inú ihò kan bọ́ sí òmíì, á jáde yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ara á sì fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá dí, tàbí tí ara kò fà á mọ́ bó ṣe yẹ, omi á máa gbára jọ. Egungun orí ìkókó kò tíì lẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí orí fi ń tóbi. Àwùjẹ̀ á le, á wú síta, iṣan orí á hàn, ẹyinjú á rì sísàlẹ̀ débi pé funfun ojú lẹ máa rí lókè, ọmọ á máa bì, á máa ké, kò ní fẹ́ mu ọmú.

Nílé, àwọn èèyàn á ní orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ téèpù ló máa dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ wá téèpù tí kì í fà. Téèpù télọ̀ tó ti gbó máa ń fà, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ gbé e gba iwájú orí, lókè irun ojú díẹ̀, kó gba òkè etí méjèèjì, kó sì kan ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé kó tó wáyé máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un lóṣù. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Látibẹ̀ títí dé ọdún kan, ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Orí tó ń sáré ju èyí lọ kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ iṣẹ́ Mbale ni Benjamin Warf, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọdé láti Amẹ́ríkà. Ọdún 2000 ló kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Ùgáńdà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ìwòsàn náà ṣílẹ̀kùn, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ní ẹsẹ̀ òkè Elgon. Ó wà níbẹ̀ títí di 2006 kó tó padà. Boston Children's Hospital ló ṣiṣẹ́ sí nígbà tó yá, wọ́n sì fún un lọ́dún 2012 ní ẹ̀bùn MacArthur, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀bùn yẹn, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a rí i pé bí ìròyìn bá ń jáde, orúkọ ẹni tó lọ ló máa ń pọ̀ ju ti ẹni tó dúró lọ. John Mugamba, ọmọ Ùgáńdà, ló gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì darí ibẹ̀. Peter Ssenyonga náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe abẹ náà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn ìwádìí pàtàkì tó ti Mbale jáde. Edith Mbabazi-Kabachelor ti bójú tó apá ìwádìí. Níta, Abhaya Kulkarni wà ní Toronto, òun ni ọ̀gá nídìí ìṣirò àti bí a ṣe ń wọn èsì abẹ. Steven Schiff, tó wà ní Penn State tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sí Yale, ló ń lépa kòkòrò tó ń fa àìsàn náà. Ẹgbẹ́ tó ní oníṣẹ́ abẹ, onímọ̀ ìṣirò àti ọdẹ kòkòrò nínú iṣẹ́ kan náà kò wọ́pọ̀.

Kí Warf tó débẹ̀, ṣọ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ jù lọ láyé ń lò, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Rọ́bà tín-ín-rín ni. Wọ́n á ti ẹnu rẹ̀ kan bọ inú ihò ọpọlọ, wọ́n á fi fáàfù kékeré sí i lẹ́yìn etí, wọ́n á wá gbé rọ́bà náà gba abẹ́ awọ ọrùn àti àyà wọ inú ikùn, kí omi máa dà síbẹ̀, kí ara ibẹ̀ sì fà á. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà ń dí, ó ń já, ó sì ń kó kòkòrò. Àkóràn rẹ̀ sábà máa ń yọjú láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọmọ tí ṣọ́ǹtì rẹ̀ dí lóru gbọ́dọ̀ rí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè kú. Fún ìyá tó ń gbé lẹ́bàá ilé ìwòsàn, ìdààmú tó ṣeé gbà ni. Fún èyí tó ní láti wọ mọ́tò mẹ́ta kó tó dé Mbale, tí òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́, ìdájọ́ ikú ni. Ìbéèrè tí Warf àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi ara wọn kò ju èyí lọ: ǹjẹ́ ọmọ lè kúrò níbí láìgbé rọ́bà kankan lọ?

Abẹ tí wọ́n fi dáhùn ní apá méjì: ETV, ìyẹn lílu ihò tí omi á máa gbà jáde sí ilẹ̀ ihò kẹta nínú ọpọlọ, àti CPC, ìyẹn fífi iná rá ohun tó ń sun omi náà. A ó tọ́ka sí bó ṣe ń lọ, torí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti máa mọ ìdí tó fi ń dára lọ́wọ́ kan tó sì ń bà jẹ́ lọ́wọ́ kejì.

Igun àwùjẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wọlé fún ìkókó, torí náà wọn kì í sábà nílò láti lu egungun. Wọ́n ń lo ọ̀pá awònú tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti wọ ihò ńlá ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, oníṣẹ́ abẹ á wá ojú ihò róbótó kan tó ń jẹ́ foramen of Monro, á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ihò kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa rí ilẹ̀ ihò náà: awọ kan tó tín-ín-rín bí awọ inú èèpo ẹyin, téèyàn á sì máa rí i tó ń mì gìdìgìdì bí ọkàn ṣe ń lù, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó wà níwájú kókó kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní mammillary bodies ni wọ́n ń gún. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ náà lè já, ìjàǹbá tó burú jù nínú abẹ yìí sì nìyẹn. Lẹ́yìn tí ihò bá ti ṣí tán, wọ́n á fi kámẹ́rà yọjú wo ìsàlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá mọ́, tí iṣan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi geerege, ìrètí wà. Bí ó bá kún fún àpá bí okùn aláǹtakùn, èyí tí àkóràn máa ń fi sílẹ̀, wọ́n ti mọ̀ látorí tábìlì pé ó ṣeé ṣe kí abẹ náà kùnà.

Apá kejì ni CPC. Nínú ihò ọpọlọ ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wúruwùru kan wà, choroid plexus, pupa, tó ń fì nínú omi bí ewé odò. Àwọn ló ń sun omi náà. Oníṣẹ́ abẹ á fi wáyà tó gbóná rá a láti ojú Monro lọ sẹ́yìn, á yí i wọ apá tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá etí, títí yóò fi funfun tí yóò sì sún kì bí irun tí iná rá. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ìkélé tó wà láàárín ihò ọ̀tún àti ti òsì, tí yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ rá apá kejì. Ní gbogbo àkókò yìí, omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ringer ń wọ inú ibẹ̀ láti fi ṣan ojú kámẹ́rà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ choroid plexus kò gbọ́dọ̀ gba iná. Ìdí tí wọ́n fi ń lo ọ̀pá tó ń tẹ̀ nìyẹn: ọ̀pá líle kò lè yí dé apá ẹ̀bá etí láìya ọpọlọ lójú. Ẹni tó bá rá ìdajì, tó dákẹ́, tó sì ń pè é ní CPC, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìdí tí wọ́n fi ń pa méjèèjì pọ̀ ni pé ETV nìkan kì í sábà jẹ́ nínú ìkókó. Ihò tí a lu ń ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè má tíì gbọ́n tó láti fa omi náà bó ṣe yẹ. Bí omi tó ń sun bá dín kù, ẹrù náà á fúyẹ́. Àbájáde tí Warf tẹ̀ jáde lọ́dún 2005 lórí ọmọ 550 ló fi èyí hàn: láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, ìdá 66 nínú 100 ni abẹ méjèèjì pọ̀ gbè, ìdá 47 ni ETV nìkan gbè. Láàárín àwọn tó ti kọjá ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ tó lé kenkà, torí náà kò sí ìdí láti rá ohunkóhun fún wọn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ olóòótọ́ oníṣẹ́ abẹ fi ń fẹ́ràn ìwádìí náà.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n nílò ṣọ́ǹtì, wọn kò gbà pé olówó iyebíye ló dára jù. Wọ́n fi ti Íńdíà, Chhabra, tí iye rẹ̀ nígbà náà kò tó dọ́là 35, wé ti Codman-Hakim tó tó dọ́là 650, nínú ọmọ 195. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín àwọn méjèèjì. A fẹ́ kí àwọn tó ń ra nǹkan fún ilé ìwòsàn ìjọba ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé nǹkan pọ́ọ́kú ló dára ṣáá. Wọ́n gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n ni, òṣùwọ̀n ló fèsì.

Ohun tó wù wá jù lọ, tó sì jẹ́ ìdí tí a fi ń fún wọn ní máàkì gíga, ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gbajúmọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó bá ti gba orúkọ lórí ọ̀nà abẹ kan kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wò ó fín. Kulkarni, Warf, Schiff àtàwọn ará Mbale kó ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà jọ, gbogbo wọn ni àkóràn ti fa omi orí wọn, wọ́n sì pín wọn bí ìbò: 51 gba abẹ kámẹ́rà, 49 gba ṣọ́ǹtì. Ohun tí wọ́n wò kọjá bí orí ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n dán ọpọlọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú òṣùwọ̀n Bayley, èyí tí ọmọ tí kò ní àìsàn ń gba nǹkan bíi 10 nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà láàárín gbùngbùn nínú àwọn abẹ kámẹ́rà gba 4, ti àwọn ṣọ́ǹtì gba 2. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun téèyàn lè gbára lé. Abẹ kùnà nínú ìdá 35 nínú 100 fún kámẹ́rà àti ìdá 24 fún ṣọ́ǹtì, òun náà kò tó ohun téèyàn ń búra lé. Títóbi ọpọlọ wọn jọra. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, láìfi ohunkóhun pamọ́. Èrò tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kámẹ́rà máa ṣàǹfààní. Èsì fi hàn pé kò borí ṣọ́ǹtì, kò sì rẹlẹ̀ tó láti sọ ọ́ nù. Ohun tí ìyá lè fi èyí ṣe ni pé, bí ọ̀nà bá jìn, ọmọ tí abẹ kámẹ́rà bá gbè kò ní rọ́bà tó lè dí lọ́jọ́ iwájú, ìyá kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ máa fi ọpọlọ ọmọ náà ta tẹ́tẹ́.

Nọ́ńbà 4 àti 2 wọ̀nyẹn ni kí a tún dúró lé. Wọ́n jìnnà sí 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kòkòrò ti ba ọpọlọ jẹ́ kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀. Ibí la ti yọ máàkì àkọ́kọ́, kì í ṣe lórí Mbale nìkan: nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn àtijọ́, "àṣeyọrí" túmọ̀ sí pé ọmọ kò nílò abẹ kejì. Ọmọ lè ṣe àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ kó má ríran, kó má sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nígbà tí wọ́n ń wọn ọgbọ́n ọmọ, ó sì tọ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ka àṣeyọrí máa sọ irú èyí tí wọ́n ń kà.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ Schiff, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe àǹfààní ju gbogbo ọ̀bẹ lọ bó bá yọrí. Láti 2005 ni wọ́n ti mọ̀ pé nínú ọmọ 300 tí wọ́n kọ́kọ́ kà, ìdá 60 nínú 100 ni àkóràn fa tiwọn, ìyẹn ọmọ tí ibà mú tàbí tí gìrì gbé, tó pọ̀ jù nínú wọn ní oṣù àkọ́kọ́ láyé. Àmọ́ bí wọ́n bá gbìn omi orí wọn sínú àwo ní láàbù, kò sí nǹkan tó hù. Kòkòrò ti lọ, àpá rẹ̀ ló kù. Tàbí kòkòrò wà, àwo kò mọ̀ ọ́n. Schiff kọ́kọ́ tọ òjò lẹ́yìn: pẹ̀lú àwòrán sátẹ́láìtì, ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àìsàn náà máa ń gòkè nígbà tí òjò wà láàárín, kì í ṣe lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tàbí nígbà tí òjò ń ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé omi orí ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, 64 tí àkóràn fa tiwọn àti 36 tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ka DNA tó wà nínú rẹ̀ dípò kí wọ́n máa dúró de ohun tó máa hù. Paenibacillus ni kòkòrò tó jáde, irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Paenibacillus thiaminolyticus, tí wọ́n sì fún ní orúkọ Mbale. Ọdún 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń gbé nínú ilẹ̀ àti omi, ó sì ń ṣòro láti gbìn bí láàbù kò bá pèsè àyè tí afẹ́fẹ́ kò sí. Nínú àwọn ọmọ kan wọ́n tún rí fáírọ́ọ̀sì CMV. Wọ́n ti wá kòkòrò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí i. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún láàbù ilẹ̀ wa kò ju pé "kò sí nǹkan tó hù" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "kò sí kòkòrò".

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ẹgbẹ́ kejì, kí máàkì wa má baà jẹ́ ti ojú kan. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Hydrocephalus Clinical Research Network bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, pẹ̀lú John Kestle ní Utah gẹ́gẹ́ bí òpó rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn kò ní ariwo. Wọ́n kọ ìgbésẹ̀ 11 tí gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nígbà abẹ ṣọ́ǹtì: ìwé tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì wọlé lára ilẹ̀kùn, apakòkòrò kí a tó gé awọ, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ lé e, àkóràn ṣọ́ǹtì rẹlẹ̀ láti ìdá 8.8 sí 5.7 nínú 100. Kò sí kámẹ́rà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ń tàn. Ìwé lára ilẹ̀kùn ni. Ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó ń ṣe ṣọ́ǹtì nílẹ̀ wa lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí láìná kọ́bọ̀ sórí ẹ̀rọ. Ohun tí a rí ni pé bí abẹ kámẹ́rà Mbale ṣe dé Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ kò ga tó ti ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ nínú ìdánwò ESTHI, èyí tó ń fi abẹ kámẹ́rà wé ṣọ́ǹtì nínú ìkókó. Irú àìsàn ọmọ wọn yàtọ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ pẹ̀lú kò kó ipa kékeré.

Máàkì kejì tí a yọ jẹ mọ́ èyí. Abẹ tí a ń sọ kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n lè kó sínú àpótí fi ránṣẹ́. Ọ̀pá awònú tó ń tẹ̀ gbẹgẹ́. Bí wọ́n bá ká a jù nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, gíláàsì tín-ín-rín inú rẹ̀ á já, àwòrán á kún fún àmì dúdú bí ìdọ̀tí eṣinṣin. Bí kò bá sí ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí, dókítà tó ti kọ́ ọ̀nà náà tán á padà sídìí ṣọ́ǹtì láàárín ọdún kan. Máàkì kẹta ni pé ilé ìwòsàn náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́rẹ tó wà lókè òkun. Ó dára kí ọlọ́rẹ wà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀nà yìí wá sílé gbọ́dọ̀ ní ìṣúná tirẹ̀.

Nílé wa, ilẹ̀ kò ṣófo. Latunde Odeku bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, ó sì fi ọmọ ẹ̀yìn sílẹ̀. ETV ń lọ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ìyá tó gbé ọmọ dé ibẹ̀ kì í sábà mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè. Kulkarni ti ṣe ìṣirò kan lọ́dún 2009 tó lè ràn án lọ́wọ́, ETV Success Score. Ohun mẹ́ta ló ń kó jọ. Ọjọ́ orí: ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan gba 0; oṣù kan sí mẹ́fà gba 10; oṣù mẹ́fà sí ọdún kan gba 30; ọdún kan sí mẹ́wàá gba 40; ọdún mẹ́wàá sókè gba 50. Ohun tó fà á: àkóràn gba 0, ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà gba 20, ojú ọ̀nà tó dí láàárín ihò kẹta àti ìkẹrin gba 30. Bí ọmọ kò bá tíì gba ṣọ́ǹtì rí, ẹ fi 10 kún un. Bó bá ti gbà á, 0. Àròpọ̀ ni ìdá nínú 100 tí ETV lè fi gbè é fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ oṣù mẹ́ta tí àkóràn fa tirẹ̀, tí kò tíì gba ṣọ́ǹtì: 10 pẹ̀lú 0 pẹ̀lú 10, ìyẹn 20. Ọmọ ọdún méjì tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dí: 40 pẹ̀lú 30 pẹ̀lú 10, ìyẹn 80. Ẹ rántí pé ETV nìkan ni ìṣirò yìí ń wọ̀n, kò ka CPC mọ́ ọn, torí náà ọmọ kékeré tó bá gba méjèèjì pọ̀ lè dára ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ.

Ẹ mú nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà: Kí ló fa ti ọmọ mi? Mélòó nínú ọmọ tí ẹ ti ṣe abẹ yìí fún ló nílò abẹ kejì láàárín oṣù mẹ́fà? Ta ni mo máa pè bó bá di òru? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ló máa fi hàn bóyá wọ́n ń tọ ọmọ lẹ́yìn lẹ́yìn tó bá ti lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí Mbale ṣe ń ṣe. Bí dókítà bá rò ó díẹ̀ kó tó fi nọ́ńbà dáhùn, ó dára. Bó bá ní gbogbo rẹ̀ ló máa ń dára, ẹ tún béèrè.

Lẹ́yìn abẹ, ihò ETV tó bá máa padà dí sábà máa ń dí láàárín oṣù mẹ́fà, ìgbà yẹn sì ni àkóràn ṣọ́ǹtì pọ̀ jù. Ẹ máa wọn orí ọmọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìgbà yẹn máa fi kọjá, téèpù kan náà, ibi kan náà, ọwọ́ ẹni kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì àjẹsára rẹ̀. Tí àwùjẹ̀ bá tún le nígbà tí ọmọ wà ní ìdúró tí kò sì ké, tí ó ń bì láìjẹ nǹkan tó burú, tí ó ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí omi ń sun níbi tí wọ́n ti gé, ilé ìwòsàn lọjọ́ kan náà. Bí ó bá ní ṣọ́ǹtì, ẹ kọ irú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, ẹ̀gbẹ́ orí tó wà àti iye agbára fáàfù rẹ̀ sórí bébà kan, kí ẹ yà á ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ọmọ, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì nínú ilé. Oníṣẹ́ abẹ tó máa gbà yín lóru lè máà jẹ́ ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́, bébà yẹn sì ni yóò kọ́kọ́ béèrè.